Owó oṣù ń wọlé, àyà mi ń já: báwo ni èèyàn ṣe ń bá owó ara rẹ̀ gbé ní àlàáfíà?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ìbéèrè kan wà tí n kò lè bi ẹnikẹ́ni nínú ilé wa. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn, mo ti gbéyàwó, mo sì ti bí ọmọ kan. Bí owó oṣù bá wọlé, àyà mi a já dípò kí inú mi dùn. Láti nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún oṣù, n kì í wo iye tó kù nínú àkáǹtì mi mọ́, àfi bí mo bá fẹ́ sanwó ọjà tí ẹ̀rọ ìsanwó sọ pé owó kò tó. Mo jẹ àbúrò bàbá mi lówó, mo jẹ àwọn ayánilówó orí fóònù kan lówó, ìyàwó mi kò sì mọ̀ nípa èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn kan ní kí n wá iṣẹ́ kejì. Pásítọ̀ wa ní kí n má fi ọkàn sí owó. Ṣé owó mi ló kéré ni, àbí èmi ni nǹkan ń ṣe?

*

Èsì kìn-ín-ní

Àbúrò mi, kí o tó wá iṣẹ́ kejì, wá ìwé kan àti bíró kan. Mo ṣe akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́ wa ní Abẹ́òkúta fún ọdún mọ́kànlá kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi ni mo sì ń gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ yá owó. Ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ló ń wá sídìí tábìlì mi, ṣùgbọ́n ohùn wọn kì í dọ́gba. Bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà a máa sọ pé, "Ogójì ẹgbẹ̀rún ni mo fẹ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni mo lè máa san lóṣù, gbèsè mìíràn tó wà lọ́rùn mi kò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́fà tí mo jẹ ìyá tó ń ta ìrẹsì." Ọ̀gá kan wà tí owó oṣù tirẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún ti bàbá yìí, bí mo bá bi í ní iye gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀, yóò máa yí bíró lọ́wọ́, yóò sì máa wo ojú fèrèsé. Kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù àtikà á ló ń bà á, bí ó ti ń ba ìwọ náà.

Owó rẹ kéré lóòótọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àìmọ̀wóná nìkan ló kó bá ọ. Ní ọdún 2019, owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ní Nàìjíríà jẹ́ ₦30,000; ní oṣù Keje ọdún 2024, wọ́n sọ ọ́ di ₦70,000, ẹni tó bá gbọ́ èyí láti òkèèrè yóò rò pé ara ti dẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà yẹn ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, náírà sì já wálẹ̀ níwájú dọ́là ní oṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tí yóò sì fi di oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìṣirò ìjọba fúnra rẹ̀ fi hàn pé ọ̀wọ́n gógó ọjà ti dé ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Olùkọ́ tí owó rẹ̀ kò bá owó ọjà dọ́gba ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, a kò lè pè é ní àpà.

Síbẹ̀, owó tó kéré kò ní kí èèyàn má wò ó. Ohun tí mo rí ní ọdún mọ́kànlá yẹn ni pé iye tí èèyàn kò bá tíì fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ló ń lé e kiri. Kọ orúkọ gbogbo ẹni tí o jẹ lówó, kọ iye rẹ̀ síwájú orúkọ náà, kí o sì ro ó pọ̀. Má tíì ronú bí o ó ṣe san án. Iṣẹ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

*

Èsì kejì, sí ẹni tó fa Bíbélì yọ

Ẹnìkan kọ ọ́ lẹ́yìn èsì mi pé owó ni gbòǹgbò ohun búburú gbogbo, àti pé mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti máa ka owó ní òru. Ohun tó wà nínú ìwé Tímótì Kìn-ín-ní, orí kẹfà, ni pé *ìfẹ́* owó ni gbòǹgbò ohun búburú gbogbo. Ọmọ yìí kò sọ pé òun fẹ́ràn owó. Ó ní òun ń sá fún un. Ẹni tó ń sá fún owó lójoojúmọ́ ti fi ọkàn sí owó ju bí ó ṣe mọ̀ lọ.

Àwọn baba wa kò ka owó sí ẹ̀gbin. Òrìṣà ni Ajé jẹ́ fún wọn, ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, a sì ń kí ọlọ́jà títí di òní pé "Ajé á wọ igbá o." Èdè kan náà yìí ló sọ ẹni tí kò lè ná owó ní ahun, tó sì sọ ẹni tí kò lè fi owó sílẹ̀ ní àpà, ọ̀rọ̀ èébú sì ni méjèèjì.

Ẹlòmíràn wá láti apá kejì, ó fi òwe dáhùn: "Òṣì ní í jẹ́ ta ni mọ̀ ọ́ rí, owó ní í jẹ́ mo bá ọ tan." Ó ní kí ọmọ náà wá owó lọ́nàkọnà kí ayé lè mọ̀ ọ́n. Mo gbọ́ òwe náà lẹ́nu ìyá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sì pa á fún mi bí ìmọ̀ràn rí. Ìbànújẹ́ ló fi ń pa á, nígbà tí àwọn ẹbí bàbá mi kò bá yọjú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹkún àwọn àgbà ṣe àṣẹ fún àwọn ọmọ.

*

Èsì kẹta: ṣé kí ó sọ fún ìyàwó rẹ̀?

Ibí yìí ni awuyewuye ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó dáhùn ló ní bí obìnrin bá ti mọ iye owó oṣù ọkọ rẹ̀, ìnáwó kò ní í tán nínú ilé náà mọ́. Àwọn obìnrin bíi mélòó kan sì sọ pé ọkọ tó bá mọ iye tí ìyàwó rẹ̀ ń pa kò ní í fi owó oúnjẹ sílẹ̀ mọ́. N kò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa, nítorí mo mọ ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ṣẹlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí òfin kan nílẹ̀ Yorùbá tó ní kí ọkọ àti ìyàwó da owó wọn pọ̀ sínú ìkòkò kan. Ìyá mi ta àdìrẹ ní Ìtòkú títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì. Owó rẹ̀, tirẹ̀ ni, bàbá mi kì í béèrè iye tó pa lọ́jà, ìyá mi náà kì í béèrè iye tí kòkó mú wá. Wọ́n mọ ẹni tó ń san owó ilé ìwé, wọ́n mọ ẹni tó ń ra ọbẹ̀, ó tán.

Ṣùgbọ́n gbèsè yàtọ̀ sí owó, nítorí gbogbo ilé ni gbèsè ń bá wí. Láyé àtijọ́, bí onígbèsè kò bá san, olówó a rán ológò lọ dógò tì í: ẹni náà a jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, a máa pariwo, a máa bú tọmọ tìyá, kò sì ní í dìde títí owó yóò fi jáde. Ìwọ̀fà ńkọ́? Bàbá ló yá owó, ọmọ ló lọ ń roko olówó. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe ni èlé, kò sì dín ojú owó kù rárá. Ọdún lè gorí ọdún kí ó ṣì wà níbẹ̀. Lónìí, àwọn kan nínú àwọn ayánilówó orí fóònù ń dógò lọ́nà tuntun. Wọn a kó nọ́ńbà gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù onígbèsè, wọn a sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn pé olè ni. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, FCCPC, gbé ìlànà jáde lórí irú ìwà yìí ní ọdún 2022, èèyàn sì lè fi ẹjọ́ sùn wọ́n. Síbẹ̀, kí ẹjọ́ náà tó dé ibì kan, àtẹ̀jíṣẹ́ ti dé orí fóònù ìyàwó rẹ. Ṣé ẹnu àjèjì ni o fẹ́ kí ó ti gbọ́?

Jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní ọdún 2014, mo ṣe onídùúró fún ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò san gbèsè náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ₦12,000 nínú owó oṣù mi. Mo sọ fún ọkọ mi pé wọn kò san owó oṣù wa pé. Ó gbà mí gbọ́. Kí ebi má bàa wọlé, òun náà lọ yá owó èlé láti fi dí àlàfo náà, kò sì sọ fún mi nítorí kò fẹ́ kí n ronú. Odindi ọdún kan la fi ń san owó láti ọ̀nà méjì lórí ọ̀ràn kan ṣoṣo. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú, kò pariwo. Ó mú ìwé, ó ṣírò èlé tí òun ti san, ó sì yí ìwé náà sí ọ̀dọ̀ mi: ₦27,400. Ó ní, "Owó ilé ìwé sáà kan nìyí." Mo ṣì mọ iye náà lórí títí di òní.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè gbà pẹ̀lú ẹni tó ní kí o san gbogbo rẹ̀ tán ní bòńkẹ́lẹ́ kí o tó sọ fún un. Má sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, má sì sọ ọ́ lójú ẹbí. Gbé ìwé tí o kọ iye sí fún un kí ó fúnra rẹ̀ kà á, kí o sì dákẹ́ títí yóò fi kà á tán.

*

Èsì kẹrin

Lórí iṣẹ́ kejì: bí ara rẹ bá gbà á, ṣe é. Ẹ̀kọ́ ilé, iṣẹ́ oko kékeré, ohunkóhun tó bá tọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tí owó rẹ̀ di ìlọ́po méjì tí gbèsè rẹ̀ sì di ìlọ́po mẹ́ta, nítorí owó tuntun náà bọ́ sínú òkùnkùn kan náà.

*

Èsì karùn-ún: àjọ, báǹkì, tàbí alájẹṣẹ́kù?

Ẹnìkan tó ní báǹkì lòun ti ń ṣiṣẹ́ sọ pé òmùgọ̀ ló ń dá àjọ. Ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà. Bí o bá ń dá ₦500 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ₦15,500 ni. Alájọ yóò mú owó ọjọ́ kan, yóò sì fún ọ ní ₦15,000. Ìwọ lo sanwó kí wọ́n tó bá ọ tọ́jú owó rẹ, ó sì lé ní ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan péré. Ohun tí ìṣirò náà kò kà ni pé alájọ ń wá bá ọlọ́jà nídìí igbá rẹ̀, lójoojúmọ́, kí owó ọjọ́ náà tó rí ọ̀nà mìíràn gbà. Obìnrin tó ń ta ata kò ní fi igbá sílẹ̀ lọ tò sí báǹkì nítorí ₦500. Àwọn alájọ tó ṣe é gbà gbọ́ sì ti wà rí, a ṣì ń sọ fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé pé orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú. Ewu rẹ̀ ni pé bí alájọ bá sá lọ, kò sí ẹni tí yóò dá owó náà padà. Ní báǹkì, bí báǹkì ńlá bá kógbá sílé, àjọ adójútòfò NDIC yóò san owó rẹ títí dé ₦5,000,000, láti ìgbà tí wọ́n ti sún un sókè ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Fún àwọn báǹkì kéékèèké, ₦2,000,000 ni.

Ẹ má sì pe èsúsú ní àjọ ojoojúmọ́, bí àwọn kan ti ṣe nínú èsì wọn. Bí èèyàn mẹ́wàá bá ń dá ₦10,000 lóṣooṣù, tí ẹnìkan ń kó ₦100,000 ní ìgbà tirẹ̀, kò sí ẹni tó ń yọ nǹkankan, kò sì sí èlé. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé ètò yìí kọjá òkun, àwọn ará Trinidad sì ń pè é ní *susu* di òní olónìí. Ẹni tó kó o kẹ́yìn ló ń jìyà ọ̀wọ́n gógó, nítorí ₦100,000 rẹ̀ kò lè ra ohun tí ti ẹni àkọ́kọ́ rà. Èyí kò kéré lóde òní. Àwọn obìnrin àdúgbò wa ti rí ọgbọ́n dá sí i: oúnjẹ ni wọ́n ń dá èsúsú sí, wọ́n ń ra ìrẹsì, ẹ̀wà àti òróró lápapọ̀, wọ́n sì ń pín in.

Níti alájẹṣẹ́kù, ẹ gbọ́ ohun tí orúkọ náà ń sọ: ẹni tó jẹ, tó sì ṣẹ́kù. Kò ní kí o má jẹ. Ní ẹgbẹ́ tiwa, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, a ń yá èèyàn ní ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pamọ́, èlé rẹ̀ sì kéré jìnnà sí ti orí fóònù. Àwọn olùkọ́ ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri. Ẹni tó bá tún ní díẹ̀ lọ́wọ́ tí kò ní í fọwọ́ kàn fún ọdún méjì lè ra FGN Savings Bond, ìwé tí ìjọba àpapọ̀ fi ń yá owó lọ́wọ́ aráàlú, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní oṣù Kẹta ọdún 2017. ₦5,000 ló kéré jù tí wọ́n ń gbà, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sì ń san èlé.

Àbúrò kan bi mí pé kí ló dé tí n kò dárúkọ àwọn ètò tó ń sọ owó di ìlọ́po. Ẹni tó bá gbàgbé MMM, mo rántí. Ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù ni wọ́n ṣèlérí, ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni wọ́n sì ti ilẹ̀kùn owó pa mọ́ àwọn ará Nàìjíríà, nígbà tí gbogbo èèyàn ń múra ọdún. Àwọn tó kó sí i, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe olójúkòkòrò. Ẹni tí owó ń bà lẹ́rù ni irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ń wọ̀ lára jù, nítorí ó ń sọ fún un pé kò ní í ka owó mọ́ láé.

*

Èsì kẹfà: àwọn ẹbí

"Pa fóònù rẹ ní ọjọ́ owó oṣù." Èèyàn mẹ́rin ló gbà ọ́ ní ìmọ̀ràn yìí, kí àwọn ẹbí má bàa rí ọ pè láti béèrè owó. Bí o bá pa fóònù, ìpè náà yóò dúró dè ọ́, ìtìjú yóò sì dúró tì í. Mo lòdì sí i pátápátá.

Ohun tí èmi ṣe ni pé mo dá iye kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù, mo pè é ní owó ẹbí, mo sì kọ ọ́ sí ìwé. Nígbà tí àbúrò mi obìnrin bá pè, n kì í sọ pé "kò sí owó", nítorí irọ́ ni, òun náà sì mọ̀. Mo ń sọ pé, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló kù nínú owó ẹbí oṣù yìí." Ní ọdún àkọ́kọ́, wọ́n bínú. Wọ́n ní mo ti di òyìnbó. Nígbà tó yá, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló kù nínú owó ẹbí?" Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn lè dúró di oṣù tó ń bọ̀, kí n fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Owó ilé ìwòsàn, mo máa ń kọjá iye tó wà nínú ìwé náà nítorí rẹ̀. Aṣọ ẹbí, n kì í rà ju mẹ́ta lọ́dún, ti ẹni tó bá bá mi tan nípa ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹni tó dúró tì mí nígbà òkú ìyá mi.

Ẹ̀gbọ́n kan láti Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ́ pé ìlànà yìí kò lè ṣiṣẹ́ fún àwọn tó wà lókè òkun, nítorí àwọn ará ilé gbà pé pọ́n-ùn kì í tán. Ó tọ̀nà pé tiwọn le jù. Ṣùgbọ́n ìdí gan-an tí ará ilé fi ń rò bẹ́ẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn rí iye tí yàrá kan ń ná èèyàn lóṣù níbẹ̀.

*

Ẹni tó béèrè padà wá

Ẹ kú làálàá, mà. Mo kọ ọ́. Àbúrò bàbá mi, ₦120,000. Ti orí fóònù, ₦45,000 ni mo yá, ó ti di ₦61,000. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ₦20,000. Ìyá tó ń ta nǹkan ní iwájú ilé wa, ₦8,500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦209,500. Mo ti ń rò pé kò lè ju ₦150,000 lọ, nítorí náà ó burú ju bí mo ṣe rò, ṣùgbọ́n mo sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo fún ìyàwó mi kà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ó béèrè pé èwo ni a ó kọ́kọ́ san. Ohun tí mo wá béèrè nìyẹn. Ó ní ti ẹbí ló yẹ, èmi ní ti orí fóònù. ₦25,000 la rí kó jọ.

*

Èsì keje

Ìwọ lo jàre lórí owó, ìyàwó rẹ ló jàre lórí ènìyàn. Ti orí fóònù ń bí ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. ₦45,000 tó di ₦61,000 kò ní í dúró síbẹ̀, nítorí náà, ₦15,000 lọ sí ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ni kí ó máa rí lóṣooṣù títí yóò fi tán, kí o sì yọ ètò náà kúrò lórí fóònù rẹ lọ́jọ́ tó bá tán. Ìyá iwájú ilé àti olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ, dá ọjọ́ fún wọn, kí o sì pa ọjọ́ náà mọ́.

Àbúrò bàbá rẹ kì í gba èlé, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ọ̀nà ẹgbèje. Owó ẹyọ ni wọ́n ń kà nígbà náà: ẹgbẹ̀fà jẹ́ 1,200, ẹgbèje jẹ́ 1,400. Nítorí ìyàtọ̀ igba péré, ọ̀nà dí. Igi tó dí ọ̀nà ìwọ àti ọkùnrin yìí kì í ṣe ₦120,000 nìkan, ó ju ìyẹn lọ: o ti ń yà fún un ní ilé ẹbí láti ìgbà yẹn, mo mọ̀ láìjẹ́ pé o sọ ọ́.

Lọ ní òwúrọ̀ Sátidé kí ó tó jáde. Mú ₦10,000 tó kù dání, má fi ránṣẹ́ láti báǹkì. Dọ̀bálẹ̀ kí i, jókòó, kí o sì dárúkọ iye tí o jẹ ẹ́ kí òun tó dárúkọ rẹ̀.